Ẹnu Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ ní Gáà

Nígbà tí Fawziyyah sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ kó lọ sí Mínnà láti máa gbé lọ́dọ̀ Àǹtí Àṣàbí, ìyá rẹ̀ wà nínú pálọ̀ kan náà, ó ń lọ hìjáàbù tí oníbàárà fẹ́ wá gbà. Ọmọ náà kò wo ìhà ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ní òun yóò parí sáà ẹ̀kọ́ yìí, òun yóò sì kó ẹrù òun. Ó ní Àǹtí Àṣàbí, tí í ṣe àbúrò bàbá òun, ti ra bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ dè òun. Ìsmáílà, bàbá rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò tí kì í tètè sọ̀rọ̀, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Fawziyyah, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, dáhùn pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí rí, àti pé ohun tó ń dun òun gan-an nìyẹn.

Nàfísàt gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà lọ́kàn rẹ̀: má lọ. Ó gbé e dé ọ̀fun, ó gbé e dé eyín, ó sì gbé e mì. Ó ká hìjáàbù náà, ó mú òmíràn.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Ìsmáílà sọ fún un pé òun kò lè fi tipátipá dá ọmọ tó ti gbọ́n dúró. Bí Nàfísàt bá fẹ́ kí ọmọ dúró, kí ó sọ fún un. Nàfísàt bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ mi orí, ó ní kì í ṣe ẹnu òun ni ọmọ náà ti fẹ́ gbọ́ ọ. Ó rán an létí pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í ya ẹnu tí wọ́n ti kọ́ láti pa dé láti kékeré.

Ẹni tí kò bá mọ ibi tí wọ́n ti tọ́ Nàfísàt lè pè é ní ìyá burúkú. Gáà kan lójú ọ̀nà Àfọ̀n ni wọ́n ti bí i, láàárín àwọn Fúlàní tó ń sin màlúù tí wọ́n sì ń gbin àgbàdo. Lọ́dọ̀ wọn, ìyá kì í pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ. Kì í bá a ṣeré lójú ènìyàn. Bí àwọn ẹlòmíràn bá ń yin ọmọ náà, ìyá yóò dìde kúrò níbẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Ìkórìíra kọ́. Ìtìjú ni, ìtìjú náà sì ni ẹ̀wù iyì obìnrin. Ẹni tó bá bọ́ ọ sílẹ̀ dà bí ẹni tó rìn ní ìhòòhò wọ ọjà. Nígbà tí Nàfísàt fẹ́ Ìsmáílà, ọmọ Ìlọrin, tí ó sì wá ń gbé ní àdúgbò Ṣàngó nílùú náà, tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ sí Táíwò Road, ẹ̀wù náà wà lọ́rùn rẹ̀. Fawziyyah ni àkọ́bí, ṣùgbọ́n kò sí aládùúgbò kan tó ń pè é ní Ìyá Fawziyyah. Ó ti sọ fún wọn pé Ìyá Naeem ni òun ń jẹ́, orúkọ àbúrò ọmọbìnrin náà. Naeem ni ó ń gbé lé ẹsẹ̀. Naeem ni ó ń kì. Bí ó bá fẹ́ kí Fawziyyah bu omi, yóò ní kí Naeem lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí Naeem kò bá sí nílé, "ìwọ yìí" ló máa ń pè é.

Ìdòwú, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ẹ̀dá ní ilé-ẹ̀kọ́ tí Ìsmáílà ti ń ṣiṣẹ́, ló sọ fún un nípa obìnrin kan ní Tanke tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà, tó ń gbọ́ tọ̀dọ́, tó sì ń gbọ́ ti ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ í sọ dáadáa. Ìdòwú ti mú ìyá tirẹ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Nígbà tí Ìsmáílà gbé ọ̀rọ̀ náà délé, Nàfísàt bi í bóyá wọ́n ti sọ fún un pé orí òun dàrú. Ìsmáílà ní rárá, pé orí òun náà wà nínú rẹ̀, pé gbogbo ilé ni yóò lọ. Fawziyyah ní òun yóò bá wọn lọ, kí wọ́n má baà sọ ní Mínnà pé òun kò gbọ́ràn.

Ilé alájà kan ni ibi iṣẹ́ obìnrin náà, lẹ́yìn àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé, níbi tí ariwo kẹ̀kẹ́ àti òórùn àkàrà díndín kì í ti í tán. Bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn, bàbá arúgbó kan ń sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ó kí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín bí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀. Nínú yàrá náà, àga gíga wà, àga kúkúrú wà, ẹní wà nílẹ̀. Àwo pákó ńlá kan kún fún yanrìn, pẹ̀lú màlúù, ènìyàn àti ilé kéékèèké tí wọ́n fi igi gbẹ́. Kò sí tábìlì kankan láàárín àlejò àti onílé.

Ìbídùn ni orúkọ obìnrin náà, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, abiyamọ tí ewú ti ń wọ orí rẹ̀. Ó ti ṣe tíṣà rí kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Àǹtí Káńsẹ́lọ̀, òun kì í sì í bínú sí i. Ó kí wọn, ó bi ìyá ọmọ léèrè orúkọ tí òun yóò máa fi pè é.

Nàfísàt ní, "Ìyá Naeem."

Fawziyyah rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Èmi ni àkọ́bí o, Àǹtí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó rú yín lójú."

Ìbídùn wo ọmọ, ó wo ìyá. Ó ṣàlàyé pé òun yóò kọ́kọ́ rí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí òun tó pe gbogbo wọn jọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni Nàfísàt ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo iṣẹ́ obìnrin náà bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń wo iṣẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó mọ àwọn aránṣọ tó ní pátánì kan ṣoṣo, tí wọ́n ń gé gbogbo ènìyàn sí i: ẹni tó sanra yóò há, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ yóò rì sínú aṣọ. Àǹtí Ìbídùn kò ní pátánì kan ṣoṣo. Naeem kò rí ìbéèrè kankan. Iwájú yanrìn ni wọ́n gbé e sí, ó sì to màlúù títí ó fi sú u. Ìsmáílà, tó fẹ́ràn kí nǹkan ní ètò, ni ó bá jókòó tí wọ́n jọ ya àwòrán ìdílé méjèèjì sórí pépà ńlá, ta ló bí ta, ta ló tọ́ ta dàgbà. Fawziyyah kò fẹ́ jókòó. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tí yóò máa fi yanrìn ṣeré, òun kì í sì í ṣe aláìsàn. Ìbídùn gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó ní kí wọ́n jáde nígbà náà. Ojú ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì ni wọ́n rìn, wọ́n ra àgbàdo sísun, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó padà. Ìgbà tí àwọn ọmọ bá ń jẹ àgbàdo ni wọ́n máa ń sọ òótọ́, Ìbídùn sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí kò sí ẹni tó ń wo ojú ẹnì kejì.

Nígbà tí wọ́n dé, Nàfísàt fa Ìbídùn sẹ́yìn, ó sì fẹ́ mọ ohun tí ọmọ náà sọ. Ìbídùn dá a lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ohun tó bá mi sọ, tirẹ̀ ni. Tiyín náà, bí ẹ bá sọ ọ́, mi ò ní í gbé e fún un." Ọ̀rọ̀ náà bí Nàfísàt nínú. Ta ni obìnrin yìí tí yóò máa fi ọmọ ẹni pamọ́ fún ẹni? Inú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Táíwò Road ni ó wà nígbà tí apá kejì ọ̀rọ̀ náà yé e: ibì kan wà ní Ìlọrin tí ó lè sọ̀rọ̀ sí, tí ọ̀rọ̀ náà kò ní í rìn jáde.

Síbẹ̀ kò rọrùn. Nígbà tí ó kan tirẹ̀, ó jókòó, ó ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni", ó ń dáhùn "rárá". Ìbídùn kò fi ìbéèrè lé e bí ọlọ́pàá. Ó ṣàkíyèsí ìka rẹ̀. Ìka Nàfísàt ń ṣẹ́ etí hìjáàbù ara rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ṣẹ́ ẹ. Ìbídùn sọ fún un pé tí ó bá ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí ó mú iṣẹ́ dání. Nàfísàt mú un. Bí abẹ́rẹ́ ti wọ aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó sọ ti Mínnà. Ó sọ pé oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu òun mọ́. Ó sọ pé nígbà tí ọmọ náà bá wà nílé-ẹ̀kọ́, òun máa ń wọ yàrá rẹ̀ lọ, òun á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, lásán. Ohun kan ṣoṣo tí kò sọ ni ìtìjú àkọ́bí. Kò fi í pamọ́. Kò rò pé ó tó ohun tí à ń sọ ni. Ta ni yóò jókòó máa ṣàlàyé fún ènìyàn pé omi ń tutù?

Ibẹ̀ ni Àǹtí Ìbídùn ti ṣì í.

Ó rò pé òun ti mọ ohun tó wà nílẹ̀: ìyá tó fẹ́ràn ọmọ tí kò mọ bí a ṣe ń sọ ọ́, ọmọ tó ń retí àtigbọ́. Ó ti rí irú rẹ̀ púpọ̀. Ó pe ìyá àti ọmọ jọ sórí ẹní, ó ní kí wọ́n kọjú sí ara wọn. Ó ní kí Nàfísàt di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, kí ó pe orúkọ rẹ̀, kí ó sì sọ ohun kan ṣoṣo tí ó fẹ́ràn nípa rẹ̀.

Fawziyyah gbé ọwọ́ rẹ̀ síwájú, kò gbé e jìnnà. Nàfísàt la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Ooru bò ó. Ó rí ìyá rẹ̀ tó ti kú, ó rí gbogbo àwọn àgbà obìnrin gáà tí wọ́n to ìlà, tí wọ́n ń wò ó. Ó yí ojú sí ògiri.

Fawziyyah fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó dìde. "Ṣé ẹ rí i, Àǹtí? Orúkọ mi lásán ni ẹ ní kí wọ́n pè." Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Nàfísàt kò sunkún. Ó kó abẹ́rẹ́ àti aṣọ rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó sọ fún Ìbídùn pé ó ṣeun, ó sì pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ àtẹ̀gùn yẹn mọ́. Nílé, Fawziyyah ti fa àpótí rẹ̀ jáde sí àárín yàrá.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀sán gangan, Àǹtí Ìbídùn yọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Táíwò Road. Kò bá Nàfísàt sọ̀rọ̀ lójú oníbàárà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta láàárín àwọn ènìyàn tó ń dúró de aṣọ, títí tí ṣọ́ọ̀bù fi ṣófo. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó sì kúnlẹ̀, obìnrin tó ju Nàfísàt lọ lọ́jọ́ orí. Nàfísàt sáré dì í mú, ó ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, pé kò tó ohun tí à ń kúnlẹ̀ sí. Ìbídùn ní ó tó.

"Mo ní kí ẹ ṣe ohun kan kí n tó béèrè ìdí tí ẹ kì í fi í ṣe é," ó wí. "Mo gé aṣọ kí n tó wọn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè ṣí aránṣọ nínú ju ìyẹn lọ. Nàfísàt gbé omi tútù fún un, ó yí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìgbátí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Òun náà àkọ́bí ni. Ìyá òun kò pe òun lórúkọ títí ó fi jáde láyé. Kò gbé òun lé ẹsẹ̀ rí lójú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tí òun ṣiyèméjì pé ìyá òun fẹ́ràn òun. Ó dá òun lójú bí ọ̀sán ṣe ń dáni lójú. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kò ṣe yé òun. Ohun tí òun mọ̀ láti kékeré, kí ló dé tí ọmọ òun kò mọ̀ ọ́n?

Ìbídùn gbọ́ ọ parí. Ó wá béèrè ìbéèrè kan tí kò gùn. "Ta ló sọ fún yín pé ìyá yín fẹ́ràn yín?"

Nàfísàt fẹ́ dáhùn pé kò sí ẹni tó sọ fún òun, pé òun kàn mọ̀ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó rántí Gógó, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan. Gógó ni ó máa ń gbé nọ́nọ̀, wàrà kíkan, fún un láàárọ̀, tí yóò ní ìyá rẹ ló yọ ọ̀rá rẹ̀ sọ́tọ̀ dè ọ́. Gógó ló sọ fún un pé nígbà tí ejò bù ú jẹ, ìyá rẹ̀ kò jẹun. Gógó ni ó ń di irun rẹ̀ tí ó sì ń sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ló ní kí wọ́n dì í báyìí, nítorí pé ọrùn rẹ̀ gùn, ó sì lẹ́wà. Láràárọ̀ ni. Ohun tó rò pé òun mọ̀ láti inú wá, ẹnu ènìyàn ni ó ti gbọ́ ọ.

Ó sọ ọ́ fún Ìbídùn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́.

"Àṣà yín kò burú," Ìbídùn wí. "Ó ní ẹni tí kì í sọ, ó sì ní ẹni tí ń sọ. Ẹni tí kì í sọ ni ó wá sí Ṣàngó. Ẹnu tí ń sọ, gáà ni ẹ fi sílẹ̀ sí."

Nàfísàt wò ó. Láti ọdún wọ̀nyí, àwọn aládùúgbò ti bá a wí, ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́, àlàyé gbogbo wọn sì ni pé kí ó jáwọ́ nínú ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ. Obìnrin yìí, tí kì í ṣe Fúlàní, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, tí ó ti ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ àná tí ó sì kúnlẹ̀ nítorí rẹ̀ lónìí, ni ó gbé àṣà náà sókè, tí ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni yẹ aṣọ wò, tí ó sì rí ibi tí ó ti ya gan-an. Kò ní kí ó sọ aṣọ náà nù. Ó bi í bóyá Gógó ṣì wà láyé.

Gógó wà láyé. Ìbídùn kò sì fa ẹnikẹ́ni lọ. Ó tún bá Fawziyyah rìn lójú ọ̀nà yunifásítì, ó bi í bóyá yóò fẹ́ bá wọn dé gáà. Ọmọ náà gbà, ṣùgbọ́n ó gbé òfin kan kalẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí òun dì mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìbídùn sọ òfin náà fún gbogbo wọn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, nítorí ọmọ náà ti ní kí ó sọ ọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n lọ, nínú ọkọ̀ àtijọ́ tí Ìsmáílà ń wà. Wọ́n fi Naeem sọ́dọ̀ aládùúgbò. Gógó jókòó lórí ẹní lábẹ́ igi òrí, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ tuntun. Ó bi Ìbídùn léèrè bóyá àwọn ará Ọ̀mù-Àrán mọ fúrà mu tàbí iṣu nìkan ni wọ́n mọ̀. Ìbídùn ní kí ó gbé e wá kí ó fúnra rẹ̀ rí i. Ó mu igbá kan tán, Gógó sì sọ fún Nàfísàt ní èdè Fúlàní pé àlejò yìí kì í ṣe ènìyàn lásán.

Ìbídùn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ṣàlàyé fún àgbà náà pé ọmọ kan wà tí kò gbọ́ ohun tí ó yẹ kí ó ti máa gbọ́ láràárọ̀, àti pé wọ́n wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó sún sẹ́yìn kúrò lórí ẹní, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsmáílà.

Gógó pe Fawziyyah sí iwájú rẹ̀. Ó ní nígbà tí ìyá rẹ̀ wálé wá bí i nínú gáà yìí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń bí àkọ́bí, kò wò ó lójú àwọn àgbà, bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ènìyàn bá ti da màlúù lọ tán, yóò gbé e, yóò máa gbóòórùn orí rẹ̀ títí tí oorun yóò fi gbé òun náà lọ, Gógó sì ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn ògiri. Ó ní nígbà tí akọ ibà dà á dùbúlẹ̀, tí odò kún, tí ọkọ̀ kò lè kọjá, ìyá rẹ̀ sọ fún gbogbo gáà pé òun fẹ́ lọ ta wàrà ní Àfọ̀n. Wàrà wo? Igbá tó gbé dání ṣófo. Ọmọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, omi sì dé àyà rẹ̀ nígbà tó ń gbé e la odò kọjá lọ sí ilé-ìwòsàn.

"Aṣọ Iléyá tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sí ọ lọ́dọọdún ńkọ́?" Gógó bi í. "Ojú mi yìí, ṣé ó lè rí ihò abẹ́rẹ́? Ìyá rẹ ló ń rán an. Ó ń gbé e wá fún mi, kí n lè fún ọ."

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni Gógó ti ń dúró kí Nàfísàt dìde. Ó tilẹ̀ kọjú sí ìhà ahéré lẹ́ẹ̀kan, kí Nàfísàt lè ráyè lọ. Gbogbo ara Nàfísàt ni ó fẹ́ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ká sábẹ́ rẹ̀, òógùn ń ṣàn nínú hìjáàbù rẹ̀, ojú sì ń tì í débi pé etí rẹ̀ ń hó. Ìyá tirẹ̀ kì bá ti dúró. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹní mú. Kò dìde.

Gógó tẹ́tí, kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ó yí ojú rẹ̀ tó ṣú sí ọ̀dọ̀ Fawziyyah. "Ojú ń tì í," ó wí, "kò sì dìde. Èmi kò rí i rí."

Fawziyyah kò wo Gógó mọ́. Ìyá rẹ̀ ni ó ń wò. Ó wò ó pẹ́, ó wo ọwọ́ tó gbá ẹní mú, ó wo òógùn. Ó wá ní, "Mo gbọ́, Gógó. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Ṣàngó ni èmi ń gbé."

Ìsmáílà fẹ́ dá sí i. Ìbídùn fi ìka kan ọwọ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà níbi tí ọmọ gbé e sí. Nàfísàt rí ìka yẹn. Onímọ̀ràn mìíràn ì bá ti da omi sí i. Ì bá ti sọ pé ṣé ẹ rí i, gbogbo rẹ̀ ti tán. Obìnrin yìí mọ̀ pé kò tíì tán, kò sì bẹ̀rù rẹ̀.

Wọ́n kí Gógó, wọ́n wọ ọkọ̀. Ìsmáílà ń wakọ̀, Nàfísàt wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìbídùn àti Fawziyyah wà lẹ́yìn. Wọ́n kọjá oko àgbàdo, wọ́n kọjá àwọn tó ń fọ́ òkúta. Òrùlé àwọn ilé Ìlọrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lọ́ọ̀ọ́kán. Nàfísàt mọ̀ pé bí ọkọ̀ yìí bá dé Ṣàngó, tí ọmọ náà sì wọ yàrá rẹ̀ lọ bá àpótí, ẹnu òun kò ní í ṣí mọ́. Gógó ti ṣe ìwọ̀n tirẹ̀. Ìyókù kò sí lọ́wọ́ Gógó.

Kò yí padà. Ojú ọ̀nà ni ó kọjú sí.

"Má lọ," ó wí.

Ọkọ̀ náà rìn díẹ̀ sí i.

"Ta lẹ ń bá wí?" Fawziyyah béèrè láti ẹ̀yìn. "Àwa mẹ́rin la wà nínú ọkọ̀ yìí."

Ìsmáílà ní ní ti òun, òun kò sọ pé òun ń lọ síbì kankan.

"Ẹni tó ń béèrè ni," Nàfísàt wí. "Mínnà jìnnà. Má lọ."

Àǹtí Ìbídùn ti kọjú sí fèrèsé, ó ń ka pátákó àwọn ilé-ìwòsàn àti ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n máa fi ṣe ìdánwò fún. Kò yọjú. Kò rẹ́rìn-ín. Nàfísàt rí i nínú dígí, ó sì mọ̀ pé òun kò tíì rí ẹni tó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó kúrò nínú ọ̀rọ̀ tó obìnrin yìí rí.

Lẹ́yìn ọkọ̀, Fawziyyah ń tẹ fóònù. Nígbà tí Àǹtí Àṣàbí gbé e ní Mínnà, ohùn rẹ̀ kún gbogbo inú ọkọ̀, nítorí kò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọmọ náà sọ fún un pé òun kò ní í lè kó wá mọ́. Àǹtí Àṣàbí bi í bóyá ó fẹ́ kí òun máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì méjì ni. Fawziyyah bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun yóò wá sùn lórí rẹ̀ nígbà họ́lídè. Àǹtí Àṣàbí fẹ́ mọ ẹni tó yí i lọ́kàn padà, bóyá ìṣirò bàbá rẹ̀ ni.

"Ùmmí ni," Fawziyyah dáhùn. "Wọ́n ní kí n má lọ."

Àǹtí Àṣàbí ké mọ́ fóònù.

"Nàfísàt? Ẹnu ara rẹ̀?"

"Ẹnu ara wọn, Àǹtí. Mo gbọ́ ọ."

Ìsmáílà ti kọjá ibi tí ó yẹ kí ó yà sí ọ̀nà Tanke. Kò sí ẹni tó sọ fún un, títí kan Àǹtí Ìbídùn tó yẹ kí ó sọ̀ níbẹ̀.